Okùn Gìtá Bàbá Mi Dorí Kodò

Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1989

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò, ẹ kú ooru Àbíjáàn. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi, mo kí àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara Ìyá Àgbà le, àfi orúnkún wọn tó ń dún kọ́ọ́ kọ́ọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dìde níbi ìrun. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwo tánganran tí ẹ fi rán Ràmọ́nù awakọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti sán létí. Ràmọ́nù ní òun kọ́, ó ní ọ̀nà Gánà ni.

Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi. Ó rí bíi pé adìyẹ rìn lórí ẹrẹ̀. Kí ẹ rántí pé fọ́ọ̀mù tú ni mo ti dúró. Iṣẹ́ télọ̀ tí mò ń kọ́ lọ́dọ̀ Àǹtí Sàídátù ń lọ díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, inú mi kì í dùn níbẹ̀. Inú mi kì í dùn níbi púpọ̀. Àǹtí ní ojú mi dà bí ọjọ́ tó ṣú tí kò rọ̀.

Nǹkan kan ló ń mú inú mi dùn, òun ni mo fẹ́ sọ. Gìtá yín ni. Ọdún tí ẹ mú mi wálé wá fi mí sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ni ẹ gbé òun náà wá, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri yàrá yín, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá, mo ti fọwọ́ kàn án. Ó ti pé ọdún méjì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tí mo bá gbọ́ orin nínú rédíò Àǹtí, màá délé, màá máa wá a lórí okùn títí màá fi rí i. Ẹ̀yìn ilé lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ ni mo ti ń lù ú, nígbà tí Ìyá Àgbà bá lọ sọ́jà. Orin mọ́kànlá ni mo mọ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀, okùn ti jìnnà sí igi, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ìka mi á máa ta mí títí di ọjọ́ kejì. Òmíràn tún wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Òjó, àbúrò ìyá mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, fún mi ní èyí tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tẹ́lẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti là, okùn méjì péré ló kù lórí rẹ̀, eku ti bímọ sínú rẹ̀ rí. Òun náà ò wúlò.

Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ tó ń tún rédíò ṣe lójúde ọjà ní gìtá onígi kan, irú èyí tí kì í lo iná. Ó ti bá àwọn olórin ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo rí, ó mọ gìtá. Àwọ̀ oyin ni gìtá náà, ọrùn rẹ̀ tọ́ bí ọ̀pá. Ó ní tí mo bá kó àwọn ògbólógbòó méjèèjì wá, òun á bá mi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi láyè. Tí ẹ bá wálé fún Iléyá, màá jókòó síwájú yín, màá lu gbogbo orin mọ́kànlá fún yín. Mi ò fẹ́ nǹkan míì láyé. Kí ẹ má mú bàtà bọ̀ fún mi, kí ẹ má mú aṣọ. Kí ẹ sá gbọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá Kàsímù, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka lẹ́tà sétí Bàbá nítorí ojú wọn. Ẹ dákun, ibi tí mo fi ìlà yí ká nísàlẹ̀ yìí, ẹ má kà á sókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á fúnra wọn.

Bàbá, ọwọ́ òsì ni mo fi ń lu gìtá. Ọ̀tún ló ń tẹ okùn, òsì ló ń lù ú. Òsì náà ni mo fi ń gé aṣọ tí Àǹtí ò bá wò mí, àlùmọ́gàjí á sì máa jẹ aṣọ jẹgẹjẹgẹ. Ìyá Àgbà ti fi orógùn gbá ọwọ́ yìí títí. Tíṣà náà nà án. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tó fi rí bó ṣe rí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí nìkan, kódà tí ẹ ò bá dáhùn lórí gìtá.

Ọmọ yín,
Sìdíkàt Àwẹ̀ró


Àjàmé,
Àbíjáàn.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 1989

Sìdíkàt ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú lẹ́tà rẹ kọjá bọ́dà mẹ́rin láìsọnù. Ìyá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ ń kí ọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí gbà láyọ̀. Sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n máa fi òróró gbígbóná pa orúnkún wọn, èyí tí mo fi ránṣẹ́ nínú ìgò aláwọ̀ ewé.

Ìkọ̀wé rẹ ò dáa. Kàsímù kà á títí ó fi làágùn. Kó o mú un dáa sí i, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ lè kọ orúkọ oníbàárà.

Mo gbọ́ pé o ti ń lu gìtá mi. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, ẹ̀rín pa mí. Orin mọ́kànlá! Ìyá rẹ náà rẹ́rìn-ín, ó wá ń wò mí lójú, mo ní kó lọ wo ọbẹ̀.

Gìtá ti Òjó, ṣe é bó o ṣe fẹ́. Tèmi ni kó o má gbé jáde nílé. Má gbé e lọ sọ́dọ̀ Fọlọ́runṣọ́, má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, má jẹ́ kí ẹni tó mọ gìtá rí i. Ó nídìí. Ìdí náà kì í ṣe ohun tí mo lè máa sọ kí ẹlòmíràn máa kọ. Tí mo bá dé ní Iléyá, màá sọ fún ọ lójúkojú. Fi í kọ́ síbi tó wà.

Nínú ohun gbogbo, máa gbọ́ ti Ìyá Àgbà. Ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó o má ṣe, má ṣe é.

Èmi bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì Àdìsá

Èmi Kàsímù tí mo kọ ọ́ náà kí ọ o. Bọ́nṣúù! Mo ṣe bó o ṣe wí. Ibi tó o fi ìlà yí ká, mi ò kà á sókè, mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí ojú mi débẹ̀. Mo pa lẹ́tà dé, mo fi lé Bàbá lọ́wọ́, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Mọ́tò Ràmọ́nù ti dẹnu kọlẹ̀, nítorí náà kó o má bínú tí lẹ́tà yìí bá pẹ́.


Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin, 1989

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á. Ìyá Àgbà ń gbààwẹ̀, mo ní kí wọ́n sinmi, wọ́n ní ṣé èmi ni mo máa bá wọn dé ọ̀run ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ síbi tí mọ́tò Àbíjáàn ti ń já èrò. Wọ́n ti mọ̀ mí níbẹ̀, tí wọ́n bá ti rí mi báyìí, wọ́n á ti máa mi orí.

Bàbá, ẹ jókòó kí ẹ tó gbọ́ èyí. Mo ti ṣe é. Mo ti kó gìtá méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́. Ó ní tíṣà kan ti ń wo gìtá aláwọ̀ oyin náà, pé tí mi ò bá wá lọ́sẹ̀ yìí, kí n má wá mọ́. Mo ro ó sọ́tùn-ún, mo ro ó sósì. Mo ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí n ṣe nǹkan ì bá ti sọ. Mo wá sọ ìdákẹ́ yín di bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Ó kọ́kọ́ gbé gìtá Bọ̀ọ̀dá Òjó, ó mì í, ekùrọ́ mẹ́ta jábọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ń jẹun nínú ilé yìí?"

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúkú ti ṣèlérí."

"Ìlérí mi ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Sìdí, wò ó, igi ìdáná lo kó wá fún mi yìí."

"Ti Bàbá mi kì í ṣe igi ìdáná. Àbíjáàn ló ti wá."

Ó gbé tiyín sókè, ó wo ojú okùn rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín sínú. A wá ń fà á. Ó ní kí n fi nǹkan kún un, mo ní kí ló dé tí kò wo bí mo ṣe rí, ṣé mo jọ ẹni tó ní nǹkan ni? Nígbẹ̀yìn a fẹnu kò sí i pé màá rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ilé ìwé wọn tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àǹtí Sàídátù ní mo ya wèrè, ṣùgbọ́n ó gbà kí n lo máṣíìnì òun.

Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ wá gbé gìtá náà lé itan, ó lù ú fún mi. Bàbá! Ẹ mọ omi tútù tí èèyàn kọ́kọ́ ń mu tó bá ṣínu? Bó ṣe bá mi lára nìyẹn. Mi ò mọ̀gbà tí mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mùkáílà onígbàjámọ̀ tó ń bá wọn ṣeré níbẹ̀ ní, "Ẹ wo Sìdíkàt, ó ń rẹ́rìn-ín! Ẹ lọ pe gbogbo ìlú wá!"

Mi ò tíì fọwọ́ mi lù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà kún ilé fún wáàsí, ojú ń tì mí. Ó wà lórí àpótí aṣọ mi, mo fi aṣọ tí ẹ fi wé ti àtijọ́ wé e. Lọ́la tí wọ́n bá lọ, màá gbé e lọ sábẹ́ ìbẹ́pẹ. Orin kìíní tí màá lù, tiyín ni.

Sìdíkàt


Èjìgbò.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹrin, 1989

Bàbá,

Mo kí yín. Mo kí ìyá mi. Gbogbo ilé wà.

Lẹ́tà yín dé lánàá. Ràmọ́nù fúnra rẹ̀ ló mú un wá, ó ń rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lẹ́nu. Ẹ ní kí n má gbé gìtá yín jáde. Ọjọ́ kẹrin tí mo gbé e jáde ni lẹ́tà dé. Mi ò ní sunkún nínú ìwé yìí torí yíǹkì á ṣàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, kí ẹ lè rí ìyà mi tán lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì tí mo kọ̀wé sí yín, mo gbé gìtá aláwọ̀ oyin lọ sẹ́yìn ilé. Mo gbé e lé itan bí mo ṣe máa ń gbé tiyín, òsì níbi ikùn, ọ̀tún níbi ọrùn. Mo lù ú. Ohun tó jáde, ajá aládùúgbò wa dìde kúrò lábẹ́ ògiri. Mo wò ó. Okùn tó nípọn wà nísàlẹ̀, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè. Lórí tiyín, èyí tó nípọn ló wà lókè! Mo wá orin kìíní, kò sí. Mo wá ìkejì, kò sí. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti lọ. Bí ẹni tó jí láàárọ̀ tó bá ilẹ̀kùn ilé ní ibi tí fèrèsé wà.

Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ti fi gìtá tó bàjẹ́ rẹ́ mi jẹ. Mo sáré lọ síbẹ̀, gèlè mi jábọ́ sọ́nà, mi ò mú un. Mo ní kí wọ́n dá gìtá Bàbá mi padà. Ó ní kí n jókòó kí n lù ú kí òun wò ó. Mo jókòó.

Mùkáílà onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Háà! Òsì! Sìdíkàt, ṣé bó o ṣe ń jẹun náà nìyẹn?"

Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́ ní, "Mùkáílà, dákẹ́." Ó yí gìtá padà lórí itan mi, ó ní, "Bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e nìyí. Ó yé ọ? Okùn ti bàbá rẹ ló dorí kodò. Mo rò pé ọmọdé ló fi ṣeré tó tò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti tún un tò, mo ti fún tíṣà náà, ó ti gbé e lọ sí Ìwó."

Mo gbìyànjú bí gbogbo ayé ṣe ń gbé e. Bàbá, ìka mi dà bí igi. Bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ẹsẹ̀ dirun.

Mo ti wá mọ̀ pé mi ò mọ gìtá lù. Àṣìṣe ẹnìkan ni mo kọ́ fún ọdún méjì. Ta ni òmùgọ̀ tó to okùn yẹn bẹ́ẹ̀? Tó bá ṣì wà láyé ní Àbíjáàn níbẹ̀, ẹ bá mi bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Òmùgọ̀ ni, òmùgọ̀ ni, òmùgọ̀ ni.

Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ má bínú, mo ní ẹ̀sùn sí yín. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi fún yín, ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ ò sọ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kàn ní kí n máa gbọ́ ti Ìyá Àgbà. Mo ti gbọ́. Mo ti gbé gìtá sórí àjà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo. Yunifọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lọ́rùn mi. Tí ẹ bá dé ní Iléyá, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Sìdíkàt


Àjàmé.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, 1989

Sìdíkàt,

Bàbá kọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ o, èmi Kàsímù ni. Ẹ kú ọdún ààwẹ̀ tó kọjá. Mò ń kọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì ti dé papọ̀. Mo ka ti àkọ́kọ́, Bàbá gbọ́ pé gìtá ti lọ, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Nígbà tí mo dé ibi òmùgọ̀, mo fẹ́ fò ó. Bàbá ní, "Kàsímù, o ń fo nǹkan. Kà á bó ṣe wà." Mo kà á. Òmùgọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kà. Ìyá rẹ fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Mo wá dé ibi ọwọ́. Bàbá ní, "Ọwọ́ wo? Ìgbà wo ló sọ fún mi?" Mo ní ó wà nínú lẹ́tà oṣù kejì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ibi tí ó ní kí n má kà. Mo rò pé wọ́n ti kà á! Wọn ò tíì kà á, Sìdíkàt. Wọ́n dìde, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kí n jáde. Mo ní, "Bàbá, ojú yín ńkọ́?" Wọ́n ní kí n bá ojú mi lọ.

Látìgbà náà, wọn ò pè mí kọ̀wé mọ́. Wọ́n ra bírò fúnra wọn. Tí mo bá wọlé, wọ́n á da ìwé délẹ̀. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bá wọn tajà ni mo fi ń kọ lẹ́tà wọn, mo wá di ẹni à ń sá fún. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? Ìwọ lo ní kí n má kà á.

Kàsímù


Àbíjáàn.
Oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹrin, 1989

Sìdíkàt.

Èmi ni. Tàjùdíìnì. Kì í ṣe Kàsímù. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń kọ èyí. Má rẹ́rìn-ín.

Òmùgọ̀ tó to okùn yẹn, èmi ni.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ níbí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìyá Àgbà rẹ máa ń fi ọ̀já so òsì mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi tí a bá fẹ́ jẹun. Wọn ò ṣèkà. Ojú ayé ni wọ́n ń rò. Ní ilé ìwé, tíṣà ń nà án. Mo ṣe é dé kíláàsì kẹrin, mo sá. Mo kọ́ ọ̀tún láti jẹun, láti kí èèyàn, láti na ọjà sí oníbàárà. Ìkọ̀wé nìkan ló kọ̀ fún ọ̀tún. Mo wá ń sọ pé ojú ń dùn mí. Ojú ò dùn mí. Àwo tánganran tó bá sán, mo ń rí i láti òdì kejì ọjà.

Mo dé Àbíjáàn, ará Gánà kan tí a jọ ń gbé ta gìtá rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo gbé e, òsì dìde fúnra rẹ̀. Mo tú okùn, mo tò ó sódì kejì kó lè bá mi mu. Sìdíkàt, inú mi dùn nígbà yẹn. Ní ọjọ́ Àìkú tí àwa ará Èjìgbò bá pàdé, èmi ni wọ́n ń wá. Ó wá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan. Mò ń lù ú lọ́wọ́, bàbá àgbà kan ní, "Tàjù, ṣé òsì la fi ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò lù ú mọ́. Nígbà tí mo mú ọ wálé, mo gbé e dání, mo gbé e kọ́.

Mo ní kó o má gbé e jáde torí ẹni tó bá mọ gìtá, tó bá rí okùn, á mọ̀. Ìtìjú mi ni mò ń tọ́jú, kì í ṣe igi. Jẹ́ kó wà ní Ìwó.

Ìyá rẹ sọ fún mi nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta pé òsì lo fi ń na ọwọ́ sí nǹkan. Mo ní irọ́ ni. Mi ò fẹ́ wò ó. Mo wá fi ọ́ sọ́dọ̀ orógùn tí mo ti mọ̀. Dárí jì mí.

Mo ti ka ibi tó o fi ìlà yí ká. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fi ọ̀tún jẹun, fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìyẹn ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n gìtá kì í ṣe àgbà ẹnikẹ́ni.

Gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àjà. Àgbàdo á mú kòkòrò bá a. Tú okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má tú u lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó nípọn jù, gbé e síbi tí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wà, kó o máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi yí padà. Eegun kékeré kan wà lókè ọrùn tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Ojú ibẹ̀ á há fún èyí tó nípọn. Fi bíléèdì fẹ̀ ẹ́. Rọra. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ṣe tèmi, mo gé ìka.

Òsì ni mo fi kọ èyí. Ọwọ́ ń ro mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Èjìgbò.
Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, 1989

Bàbá mi,

Ẹ wo ìkọ̀wé yìí, òsì ni mo fi kọ ọ́. Ṣé ẹ ṣì nílò Bọ̀ọ̀dá Kàsímù? Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ fún wọn pé wọn ò ṣẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n má kà á. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ lẹ́tà ti àwọn àbúrò ìyá mi, kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Mo ti pè yín ní òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ti kà á. Ìtìjú rẹ̀ kò jẹ́ kí n jẹun ọ̀sán, ṣùgbọ́n mo jẹ ti alẹ́ ní ìlọ́po méjì.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò sunkún, mi ò rẹ́rìn-ín. Mo kàn wo ọwọ́ òsì mi, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, bíi pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí mi láti Àbíjáàn.

Mo gbé gìtá sọ̀kalẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Fọlọ́runṣọ́. Mo ní kí wọ́n yá mi ní bíléèdì. Wọ́n ní, "Fún kí ni?" Mo ní mo fẹ́ yí okùn padà fún ọwọ́ òsì mi. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn jọ ń lu gìtá ní Òṣogbo ń lò ó bẹ́ẹ̀, pé òun ló dáa jù nínú wọn, pé kí ló dé tí àwọn ò ronú kan án. A jọ jókòó, a tú okùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe wí. Èmi ni mo fẹ̀ ojú eegun. Èmi náà gé ìka, ibi kékeré ni.

Mùkáílà onígbàjámọ̀ yọjú. "Ọlọ́wọ́ òsì ti dé o! Sìdíkàt, ta lo fi jọ?"

Bàbá, orúkọ yín dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ lọ fá orí oníbàárà yín, ẹ ti fi ìdajì sílẹ̀." Lóòótọ́ ni, ọkùnrin kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn tòun ti ọṣẹ lórí. Àṣírí yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́.

Orin mọ́kànlá ti padà wá. Bàbá, wọn ò lọ síbì kankan! Lórí gìtá yìí wọ́n tún wá mọ́ sí i, bíi pé ẹnìkan fọ̀ wọ́n. Mo wà lábẹ́ ìbẹ́pẹ, mo ń lu ìkeje, mi ò mọ̀ pé Ìyá Àgbà ti ti ọjà dé. Wọ́n dúró ti ògiri, igbá wà lórí wọn. Mo dá orin dúró. Mo ki òsì mi bọ abẹ́ ìró.

Wọ́n ní, "Yọ ọ́ jáde. Ta ló ní kó o dúró?"

Mo lù ú tán. Wọ́n sọ igbá kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí odó. Wọ́n ní, "Bí Àdìsá ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó gbé tirẹ̀ wálé, ó rò pé mo ti sùn, ó lù ú díẹ̀ kó tó gbé e kọ́. Mo gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ fún un pé mo gbọ́ ọ." Orúnkún wọn dún kọ́ọ́, wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n mú ọ̀já kan jáde, aláró, ó ti ṣá. Wọ́n ní òun ni àwọn fi ń so ọwọ́ yín mọ́ ẹ̀gbẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ so tèmi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Gìtá náà ń yọ̀ lórí itan rẹ. Wá bí o ṣe máa fi so ó kọ́ èjìká."

Mo ti rán an. Etí rẹ̀ méjèèjì ni mo fi awọ sí kó má já. Òsì ni mo fi gé e, Àǹtí Sàídátù wà níbẹ̀, ó wò mí, ó kàn ní kí n má gé ìka mi mọ́ ọn. Yunifọ́ọ̀mù méjì ti tán, ó ku méjì.

Iléyá ku ọjọ́ méjìdínlógún. Ìyá Àgbà ti ní kí wọ́n gbálẹ̀ yàrá yín. Ìṣó tí ẹ fi gbé gìtá àtijọ́ kọ́ ṣì wà lára ògiri, mo ti gbé tuntun kọ́ síbẹ̀. Ẹ má ra òmíràn bọ̀ o. Ẹyọ kan yìí náà tó wa. Tí mo bá lù ú tán, ẹ lè nawọ́ gbà á, ẹ kò ní í tún okùn kankan tò.

Ọmọ yín tó jọ yín,
Sìdíkàt Àwẹ̀ró